Ohùn Ìyá Ìbejì Létí Adágún

Kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò ènìyàn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń kéde ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ńlá ìlú wa. Yàrá kékeré onígíláàsì kan ni wọ́n fi í sí lókè ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àga kan, fáànù kan tí kì í yí dáadáa, àti máìkì kan tó máa ń fi aṣọ nù kó tó fi ẹnu kàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dárúkọ ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra àti ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún ẹ̀gbọ́n mi ní máìkì, tí yóò wá ní kó sọ ìwọ̀nba? "Bàbá onífìlà búlúù, ọkọ̀ yín lẹ dúró tì yẹn o, àbí ẹ fẹ́ kó lọ tán kí ẹ tó máa sáré?" "Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń jà nídìí ọkọ̀, ẹ wọlé kí ẹ lọ jà á lọ́nà, ọ̀nà yẹn jìn." Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ fún un títí ó fi sú wọn.

Ohùn yẹn náà ló fi rí ọkọ. Bàbá Ìbejì, tí èmi ń pè ní Bọ̀dá, ibi ìlagi ló ti ṣiṣẹ́ látìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, nídìí ayùn ńlá tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tó ń han láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wá wọ ọkọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti òkè, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì kó lè gbọ́ ọ dáadáa, ọkọ̀ sì fi í sílẹ̀ lọ. Ó dúró de èkejì, ìyẹn náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá béèrè àti fún ẹni tí kò béèrè.

Ṣé ẹ rí i, ohun tí ènìyàn torí ẹ̀ fẹ́ ìyàwó lè wá di ohun tó ń sá fún. Nígbà tí Bọ̀dá fẹ̀yìn tì, tí àwọn ìbejì ti lọ gbé níbi iṣẹ́ wọn, ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun tún ń fẹ́ láyé ni ìdákẹ́jẹ́. Ó rí i ní adágún ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Adágún náà kò tóbi; bí ẹnìkan bá dúró létí ọ̀hún, ẹ lè rí i bóyá ó fá irùngbọ̀n àbí kò fá a. Ìjọba ìbílẹ̀ ń da ọmọ ẹja sínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú ìwọ̀ wá. Àrọ̀ àti ẹpìyà ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló kún etí ẹ̀, olúkúlùkù lórí àpótí tirẹ̀, wọ́n sì ní òfin kan tí kò sí lára pátákó ẹnu géètì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ekòló lọ́wọ́ ẹnìkejì, ẹ ó nàka sí agolo. Bí ẹja bá já ìwọ̀ lọ, ẹ ó ká ọwọ́ lérí, kí gbogbo etí omi lè bá yín kẹ́dùn láìlanu. Ẹni tó bá húkọ́ lásán, wọ́n á ní "ṣíì!" bí ẹni pé ẹja ń ṣèdánwò nísàlẹ̀ omi. Bọ̀dá ló le jù nínú wọn. Ẹdákẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ká ní ibi adágún nìkan ló ti ń dákẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ó ń gbé ìdákẹ́jẹ́ náà bọ̀ wálé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, á na àtẹ́lẹwọ́ òsì sí i, bí ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró, á sì máa jẹun lọ. Bó bá tiẹ̀ máa fọhùn, òwe ni: "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Á parí síbẹ̀, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè dá nìkan jiyàn pẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun. Ó dúró kí oníbàárà tó wà lọ́wọ́ mi lọ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Àbúrò mi," ó ní, "yàrá ẹ̀yìn tó o ń kó irun sí yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀dì máa gba ibẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni?"

"Tèmi. A ò jà o. Kò nà mí, kò sì fẹ́ obìnrin míì. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa bá ògiri gbé títí tí mo máa fi kú. Ọ̀la ni mo máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ sí adágún ẹ̀, ó sì gbà. Mo ṣèlérí pé mi ò ní la ẹnu mi. Bí mo bá lè jókòó tì í níbi tó fẹ́ràn, bóyá a ó tún mọ ara wa. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń kó ẹrù mi bọ̀. Ìwọ náà á bá wa lọ, kí o lè jẹ́rìí pé mo gbìyànjú."

Inú mi ò dùn sí i. Mi ò fẹ́ràn kòkòrò, mi ò fẹ́ràn ẹrẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀lé wọn.

Òjò ti jìnnà síra lọ́dún náà, omi adágún sì ti fà sẹ́yìn. Ibi tó fà kúrò ti gbẹ lójú, ó funfun, ó sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àfi ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa mọ̀ pé ẹrọ̀fọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá yẹn mọ̀. Wọ́n mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún àlejò, níbi tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀?

Bọ̀dá nawọ́ sí abẹ́ igi kan lẹ́yìn àpótí rẹ̀, ìyẹn tèmi. Ó mú ẹ̀gbọ́n mi kọjá eèsún kan tó ga ju ènìyàn lọ, lápá òsì ibi tí òun ń jókòó sí, ó gbé àpótí kalẹ̀ fún un lọ́hùn-ún, ó fún un ní ọ̀pá ìwọ̀ kan àti agolo ekòló, ó sì padà síbi tirẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni. Obìnrin ní òun fẹ́ jókòó ti ọkọ òun, ọkọ lọ fi eèsún sáàárín. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ ẹ̀yìn eèsún náà, ó wo ojú mi, ó fi ìka kan ètè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn dùn mí dé ọkàn.

A jókòó. Èèrà ń gun ẹsẹ̀ mi, mò ń pa á láìpariwo. Mi ò lè rí ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni etí mi wà. Mo mọ̀ pé bí ó bá fi sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, Bọ̀dá máa ká ìwọ̀, a ó lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì kó ẹrù rẹ̀. Oòrùn ń gòkè, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí omi ta pàù lọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí eèsún ń mì. Mo ní ó ti rí ẹja mú nìyẹn, inú mi sì dùn. Ó pẹ́ díẹ̀, eèsún tún mì, lọ́tẹ̀ yìí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì."

Kò pariwo. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn níbi tí ọmọ ìkókó ti ń sùn. Kọ́ọ̀kì pupa tó wà lára okùn Bọ̀dá ń rì, ó ń léfòó, ó tún ń rì. Kò yíjú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ òsì sí ìhà eèsún, ó gbé e dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo wá ń retí èsì. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo mọ̀ láti kékeré, bí o bá ní kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, pàápàá tó bá jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi. Mo dúró. Èsì kò wá. Kò pòṣé, kò kùn. Eèsún mì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́.

Mo dìde. Bọ̀dá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó fi ìka kan ètè. Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Lẹ́yìn eèsún, àpótí wà níbẹ̀, kò sí ẹni lórí rẹ̀. Agolo ekòló ti dojú dé. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà létí ẹrẹ̀, ó tò wọ́n pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ pálọ̀ ẹlòmíràn. Okùn ìwọ̀ rẹ̀ na láti ara ọ̀pá wọ inú omi, ó ti lọ́ mọ́ kùkùté igi kan. Ó ti lọ tú u fúnra rẹ̀, kó má baà pe ẹnikẹ́ni. Àárín etí omi àti kùkùté náà ni mo ti rí i. Ẹrẹ̀ ti gbé e mì kọjá ìbàdí, ó ti tẹ̀ síwájú, omi sì ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi di eèsún mú, eèsún náà sì ń hú. Ó la ojú sí mi kalẹ̀. Ó pa ètè pọ̀ gírígírí.

Mo ké. "Ẹ gbà wá o! Ẹ gbà wá! Ìyá Ìbejì ń kú lọ o!"

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yí ká etí omi, lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ní: "Ṣíììì!"

Mo bú wọn. Gbogbo ohun tí mo sọ kò ṣeé kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo ní kí ẹja jẹ ojú wọn. "Ènìyàn ń kú, ẹ ń ṣe ṣíì! Ṣé orí yín dàrú ni?" Ìgbà yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tó ju ọ̀pá sílẹ̀, tí àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ó di bó ò lọ, o yà fún mi.

Bọ̀dá yọ láti ẹ̀yìn eèsún. Ìka rẹ̀ ṣì wà létè. Inú ń bí i, mo rí i lójú rẹ̀ pé èmi ló wá bá wí. Ó wá rí ìyàwó rẹ̀. Láyé mi, mi ò gbọ́ kí Bọ̀dá gbóhùn sókè rí. "Ìyá Ìbejì!" Ohùn náà kọjá lórí omi, ó lù ní òdì-kejì, ó padà wá bá wa. Ó fẹ́ fò sínú ẹrẹ̀. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Bọ̀dá, á gbé ẹ̀yin náà mì! Pákó! Ẹ wá pákó!"

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bàbá onígbàjámọ̀ kan, tí ẹsẹ̀ ń dùn, òun ló wọ́ bẹ́ńṣì ìjọba wá. Aṣọ́gbà ẹnu géètì já ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tìkára rẹ̀, ó gbé e sáré bọ̀. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀kùn sórí ẹrẹ̀, wọ́n fi bẹ́ńṣì síwájú rẹ̀. Bọ̀dá dojú bolẹ̀, ó ń fi ikùn wọ́ lọ, ẹrẹ̀ ń tú jáde lábẹ́ pákó. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni eèsún hú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi rì. Omi bo ẹnu rẹ̀, ó bo imú rẹ̀. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, Bọ̀dá ti fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ ọ lábíyá, orí rẹ̀ ti padà yọ, ó ń tu omi.

"Mo ti mú ọ," Bọ̀dá ní. "Bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, bá mi sọ̀rọ̀."

Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó dáadáa. Ó tún pa ètè pọ̀.

Ẹrẹ̀ kì í fi ohun tó bá gbé mì sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni ẹrẹ̀ náà ń fà á padà. Bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rì pẹ̀lú Bọ̀dá lórí rẹ̀. Aṣọ́gbà ju okùn, Bọ̀dá fi í gba abíyá ìyàwó rẹ̀ kọjá, àwa tó kù di ìdí okùn mú. Bàbá onígbàjámọ̀ ń ké pé, "Ẹ má já a gbà! Ẹ rọra! Ìyá, ẹ máa mi ẹsẹ̀ yín díẹ̀díẹ̀!" Àwọn bàbá tí kì í sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, ẹnìkan ò gbọ́ tẹnìkejì. Ẹsẹ̀ kan jáde. Èkejì pẹ́, ó pẹ́ débi pé mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún àwọn ìbejì. Nígbà tó já gbà, gbogbo wa ṣubú sẹ́yìn lórí ara wa.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ ketekete, ó fi ọjọ́ orí kún un, ó tún ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn torí òun ti rí àbàwọ́n lára rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ní ohùn ẹ̀gbọ́n mi ò bà jẹ́. Bọ̀dá wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó ní, "Pẹ̀lẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ògiri.

Ó padà sílé, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ó ń bá àwọn ìbejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí etí wọn á fi kún. Bí Bọ̀dá bá wọlé, á dákẹ́. Ọkùnrin náà gbìyànjú o. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, nípa ilẹ̀kùn tó ń han, nípa àlá tó lá. Mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Kò débi adágún mọ́. Mo ṣa irun jọ sí igun yàrá ẹ̀yìn, mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, mo gbé e síbẹ̀.

Àwọn bàbá etí omi wá kí wọn. Wọ́n kún pálọ̀, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ò mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ sí. Bàbá onígbàjámọ̀ ló sọ ohun tí gbogbo ènìyàn wá gbá mú. "Etí Ẹdákẹ́ ni," ó ní. "Ariwo ayùn ti jẹ etí òsì ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìhà ibẹ̀ sì ni ìyàwó jókòó sí." Òótọ́ ni pé etí yẹn kò mú mọ́. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo rí ọwọ́ tó nà, èmi náà fẹ́ gbà á. Mo ní bóyá eèsún tó ń mì ló kàn rí. Bọ̀dá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Wá bá mi gbé ẹrù." Mo dé ibẹ̀, báàgì méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, kò mu ún, kò gbé e kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì kan kọ́ èjìká. Ó wá yíjú sí i.

"Mo pè yín," ó ní. "Mo ti ṣèlérí, mo sì fẹ́ kó ṣeé ṣe, ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Ẹrẹ̀ dé orúnkún mi, mi ò pè yín. Ó dé itan, mi ò pè yín. Ìgbà tó dé ìbàdí ni mo pè yín lẹ́ẹ̀kan. Mi ò rí ojú yín, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ yín tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eèsún. Ọ̀rọ̀ etí ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, mò ń fi ojú bẹ Bọ̀dá. Mò ń mi orí fún un: ẹ ní rárá, ẹ ní ẹ ò gbọ́. Gbogbo etí omi ti bá a jẹ́rìí tẹ́lẹ̀. Yóò sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi yóò sunkún díẹ̀, a ó tú ẹrù, ọ̀rọ̀ á tán.

Bọ̀dá gbé ife kalẹ̀. Omi dà sórí tábìlì.

"Mo gbọ́," ó ní. "Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo sì mọ̀ pé o kì í pè mí báyẹn. Ẹja ń jẹ ìwọ̀ mi lọ́wọ́. Mo ní kó o dúró kí n mú un ná."

Mo na ọwọ́ sí báàgì kejì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Inú ọkùnrin náà sì bí mi débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Omijé dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò gbọ́ ni," ó ní, "ǹ bá ti lọ. Ọkùnrin tó ń dákẹ́, mo lè fara dà á. Èyí tó ń dákẹ́ tó tún ń purọ́, rárá o."

Ó bọ́ báàgì léjìká. Ó fa àga méjì jáde nídìí tábìlì, ó dojú wọn kọ ara wọn, ó jókòó sí ọ̀kan. "Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ẹrẹ̀ yẹn ṣe tutù tó."

Bọ̀dá jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bọ́ bàtà. Ó sọ bí ilẹ̀ ṣe là mọ́ ọn nísàlẹ̀, ohun tó ń fà á lẹ́sẹ̀, ọmọ tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn nínú àwọn ìbejì, àdúrà tó gbà pẹ̀lú ẹnu pípadé. Nígbà tó dé ibi ọwọ́, Bọ̀dá bú sẹ́kún, ẹkún ńlá tí àwọn aládùúgbò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dúró kó mí díẹ̀, ó wá ní kó gbọ́ ìyókù.